Àga Aṣáájú

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà nínú yàrá kan náà, èyí tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ máa ń jò sórí pátákó bí òjò bá ti lágbára díẹ̀. Alága ni àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe pé ó ṣe alága ẹgbẹ́ kankan o. Àga onígi kan ló ní, tí apá rẹ̀ kan ti yọ, tó máa ń wà níwájú kíláàsì nígbà gbogbo, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í jókòó lé láé. Bó bá ń wọlé láàárọ̀, wọ́n á ní, "Alága, ẹ káàárọ̀ o, ṣé àga sùn dáadáa?" Òun náà á ní, "Ó sùn jù yín lọ," á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ká sọ tòótọ́, kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ́ ọ lòun náà ń kọ́ ọ. Ìwé kíkà kíláàsì kẹrin ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní "Àwọn Aṣáájú": ẹni tó kọ́kọ́ ṣe èyí, ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀hún, ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tó kú. Á kà á, àwọn ọmọ á kà á tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ìlà kẹwàá, ìdajì wọn ti sùn, ìdajì yòókù ń fi bírò họ orúkọ sára bẹ́ǹṣì. Ó bi ọmọ kan lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń pè ní aṣáájú. Ọmọ náà ní, "Ẹni tó ti kú ni, mà, tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tó délé, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó gbádùn.

Ibẹ̀ ló ti yí ọwọ́ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan wá nínú àpò dúdú kan. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò ní kọ nǹkan kan sí pátákó. Á kàn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ọwọ́ bọ inú àpò náà, kó fọwọ́ pa ohun tó wà níbẹ̀, kó sì sọ irú ẹni tó rò pé ó ni ín. Nígbà míì agogo kẹ̀kẹ́ ni, nígbà míì ìgò oògùn òfìfo, tàbí sísọ́ọ̀sì tẹ́lọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà ni yóò bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí wọn ò lè dáhùn, á sì fi í sílẹ̀ kó máa yún wọn. Nígbà tó bá fi máa pín ìwé, wọ́n ti ń jà sí i. Àga ló kẹ́yìn. Ọmọ kan á jókòó síbẹ̀, á ní, "Èmi ni ẹni báyìí," àwọn tó kù á nawọ́, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè bíi pé aṣáájú náà gan-an ló wà níwájú wọn. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. A kì í fi ẹni tó wà lórí àga rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà lórí àga kò sì gbọdọ̀ parọ́: bí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò sí lójú ìwé, kò ní hùmọ̀ nǹkan kan, á ní, "Ìwé ò sọ." Òfin yìí wọ àwọn ọmọ lára débi pé àwọn òbí ń ráhùn. Ìyá kan ní òun bi ọmọ òun pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò, ó ní ìwé ò sọ.

Ohun tó kù tó ń dùn ún ni pé ọ̀nà jíjìn ni gbogbo aṣáájú inú ìwé yẹn ti wá. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ìwé tirẹ̀, ẹ̀dà kan fún ọmọ méjì, lórí àwọn èèyàn tí àwọn ọmọ lè na ìka sí ilé wọn: obìnrin tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ akẹ́rù nílùú, ọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣí ilé ìtẹ̀wé. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ti bàbá rẹ̀.

Baba Olómi ni tọmọdé tàgbà ń pe bàbá rẹ̀. Ní ọdún méjìdínláàádọ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí omi ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nílùú, àwọn èèyàn ńlá ti pé sídìí ẹ̀rọ, omi kọ̀ kò wá. Nǹkan ti dí páìpù ńlá tó ti orí òkè wá. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé omi, bọ́ ẹ̀wù, ó fi àyà wọ́ wọ inú páìpù, ó kó ìdọ̀tí náà kúrò, ó jáde, ó sì fi sípánà ṣí omi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lòun nígbà náà. Wọ́n gbé e lé èjìká kó lè rí omi tó ń tú jáde, ó sì gbà pé bàbá òun ló dá omi. Fọ́tò bàbá rẹ̀ níbi tí ọ̀gá pátápátá tó wá fún ayẹyẹ náà ti ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ṣì wà lára ògiri pálọ̀.

Nǹkan kan ló kàn ṣàjèjì: Baba Olómi kì í mu omi ẹ̀rọ. Omi òjò ló ń mu, bí òjò ò bá rọ̀, á rán wọn sí kànga aládùúgbò. Ìyá olùkọ́ bá a fà á títí ìyá fi dákẹ́, kò yí padà. Agídí àgbà ni ọmọ rẹ̀ kà á sí. Nígbà tó sì máa kọ ojú ìwé náà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ sùn: "Ọkùnrin tó mú omi wọ ìlú wa kò mu nínú omi náà rí. Kí ló dé?" Nísàlẹ̀ ó kọ ìdáhùn sí i pé omi òjò ni Baba Olómi bá dàgbà, ohun tí èèyàn bá sì bá dàgbà kì í tètè fi èèyàn sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló hùmọ̀ ìdáhùn yẹn. Kò bi bàbá rẹ̀.

Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, òun ló ń bójú tó ìwé títẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó rí àpò, ó rí àga, ẹnu yà á. Ó ní àwọn ń tẹ ìwé kíkà tuntun fún gbogbo ilé-ìwé, òun sì fẹ́ fi ojú ìwé Baba Olómi ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ó mú ẹ̀dà kan dání, ó ní kí èyí tí àwọn máa tẹ̀ ṣáà wà lọ́wọ́ òun ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí olùkọ́ lè rìn délé lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ ti ń wúwo. Kò sí ohun tí obìnrin náà tún ń fẹ́ láyé ju pé kí bàbá rẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí ìtàn rẹ̀ nínú ìwé kó tó lọ.

Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, ó fi sípánà bàbá rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e lọ sí kíláàsì.

"Mẹkáníìkì ni!" ọmọ kan pariwo, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò.

"Olè ni, mà. Ohun tí wọ́n fi ń já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn nìyí."

Ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó kọ ìbéèrè náà sí pátákó. Ọwọ́ nà sókè bí ẹni fẹ́ fa òrùlé wálẹ̀. Ẹnì kan ní bóyá omi náà ń rùn. Ẹnì kan ní bóyá ìyàwó ẹ̀ ló ní kó má mu ún mọ́, kó yé tọ̀ sílé. Inú olùkọ́ ń dùn. Ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ìgbà náà ló rí ọwọ́ kan lẹ́bàá fèrèsé. Ọwọ́ Adákẹ́ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Adákẹ́, orúkọ tí àwọn ọmọ fún un sì bá a mu, torí láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀ kò tíì nawọ́ rí.

"Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mà," ó wí. "Bàbá bàbá mi wà nínú omi yẹn."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní, "Kí lo wí?"

"Àwọn ni wọ́n wọ inú páìpù, mà. Kì í ṣe Baba Olómi. Wọn ò sì jáde. Ìyá àgbà ló sọ fún mi."

Olùkọ́ mọ ilé ọmọ náà dáadáa. Ìyá àgbà rẹ̀ ni ìyàwó Tín-ín-rín, òṣìṣẹ́ ilé omi kan tí wọ́n ní ó sá tẹ̀lé obìnrin míì lọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí omi. Ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ ni ìlú ka obìnrin náà sí láti ìgbà náà. Bó bá ń kọjá lójú títì nígbà yẹn, àwọn ọmọdé a máa kọrin tẹ̀lé e pé ọkọ rẹ̀ ti sá lọ, kó sáré wá a. Olùkọ́ náà ti bá wọn kọ ọ́ rí.

"Nínú kíláàsì yìí, a kì í parọ́ mọ́ òkú, a kì í parọ́ mọ́ alààyè," ó wí. "Bọ́ síwájú. Kojú sí ògiri títí agogo á fi lù."

Ọmọ náà bọ́ síwájú, ó kojú sí ògiri. Kò sunkún. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró níbẹ̀, ọmọ míì sì jókòó sórí àga, ó ní, "Èmi ni Baba Olómi."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ tiwa yìí kọjá ogún. Ọmọ tí ò tíì gbó ló lé e bá, ìyà ló sì kọ́kọ́ gbà fún un.

Nígbà tí olùkọ́ wọlé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàtà ló bá lórí àga. Bàtà ọkùnrin ni, aláwọ, ó ti gbẹ, ó ti le gbagidi, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń nù ún. Kò sí eruku lára rẹ̀. Okùn ti ẹsẹ̀ òsì ti já nígbà kan, wáyà iná pupa ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Adákẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọ̀rá tó fi gbé e wá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ní ká máa mú nǹkan wá, mà. Nǹkan ẹni tí à ń kà nípa ẹ̀."

Olùkọ́ gbé bàtà náà yí wò.

"Ìyá àgbà ní àwọn gbé oúnjẹ lọ fún bàbá bàbá mi lọ́jọ́ náà. Àwọn rí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń wọnú páìpù. Ọ̀gá kan bá ní kí àwọn máa lọ. Nígbà tí àwọn padà dé nírọ̀lẹ́, oúnjẹ wà níbẹ̀ láìṣí, bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn wí títí, kò sẹ́ni tó gba àwọn gbọ́." Ọmọ náà na ìka sí bàtà. "Ìyá àgbà ní kí n bi yín pé ẹni tó ń sá tẹ̀lé obìnrin lọ, ṣé ẹsẹ̀ lásán ló máa fi sá?"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní ṣé ó lè yá òun ní bàtà náà di Ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ náà rò ó títí, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó padà wálé o, torí Ìyá àgbà máa ń kà á mọ́ nǹkan ilé ní alaalẹ́ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.

Bàbá olùkọ́ wà níwájú ilé lọ́sàn-án náà, níbi tó máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù omi òjò. Olùkọ́ kò kí i. Ó tú ọ̀rá, ó gbé bàtà kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ojú tí wọ́n ní ó ti ń ṣú yẹn, ó rí wáyà pupa kíá.

"Ta ló gbé Tín-ín-rín wá síbí?" Bàbá wí.

Olùkọ́ wá bẹ́ǹṣì jókòó.

"Èmi ni mo fún un ní wáyà yẹn. Okùn ẹ̀ já láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun máa fi bàtà tó ń ṣí pọ́kọpọ̀kọ bọ ọ̀gá pátápátá lọ́wọ́." Bàbá nawọ́ kan bàtà, ó tún fa ọwọ́ padà. "Èmi ò lè wọ páìpù yẹn. Èjìká mi fẹ̀ jù. Òun ló tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú páìpù wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, èmi wà nínú ilé nídìí ibi tí wọ́n ti ń ṣí omi, a ò rí ara wa. Ó ní bí òun bá ti jáde, òun máa kan irin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n má ṣí i o, àfi tí mo bá gbọ́ mẹ́ta."

"Mélòó lẹ gbọ́, Bàbá?"

"Méjì." Ó gbé ìka méjì sókè. "Ọ̀gá wa dúró tì mí, ó ń pariwo pé àwọn èèyàn ńlá ti fẹ́ máa lọ. Mo ní bóyá ariwo ẹ̀ ló bo ẹ̀kẹta. Mo ṣí i."

Bàbá ní ọjọ́ kẹta ni òun àti ọ̀gá tó rí òkú Tín-ín-rín, níbi asẹ́ irin tó wà nísàlẹ̀ òkè. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni ìlú fi mu omi náà. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ láìsí àmì. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n sọ pé ó sá lọ, ó sì sọ fún Bàbá pé bó bá lanu, ẹni tó ṣí omi ni wọ́n máa mú.

"Ẹ sì jẹ́ kí n kọ gbogbo ohun tí mo kọ yẹn," ọmọ rẹ̀ wí. Ó ti ń sunkún. "Ẹ jẹ́ kí n máa kà á fún àwọn ọmọ."

"O ò bi mí," Bàbá wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Jẹ́ n kú ná. Bí mo bá ti lọ, kó o kọ ọ́ bó ṣe rí."

Inú olùkọ́ bàjẹ́ ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ó fẹ́ràn bàbá yìí. Òun ló tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti dolóògbé, òun ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá dákẹ́ títí Bàbá fi máa lọ, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bó bá ti dijú, ẹ̀yìn ọrùn Adákẹ́ ló ń rí, bó ṣe kojú sí ògiri. Ní Ọjọ́rú, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo kíláàsì. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ó jókòó sí kíláàsì òfìfo, ó tún ojú ìwé náà kọ láti òkè dé ilẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ kò yí padà. Ìdáhùn rẹ̀ ló yí padà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kà á, ó tún un kà.

"Mà, ìwé ọmọdé ni o. Òkú nínú omi tí àwọn ọmọ ń mu? Àwọn òbí á ya bo wa." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èyí àkọ́kọ́ yẹn dùn gan-an. Ẹ jẹ́ ká tẹ ìyẹn, ẹ fi èyí pamọ́ sílé."

"Irọ́ ni ti àkọ́kọ́."

"Mà, ta ló máa mọ̀?"

Ìbéèrè tí òun náà ti bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ó gba ojú ìwé méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya ti àkọ́kọ́ sí wẹ́wẹ́, ó kí i pé ó dàbọ̀. Ìtàn obìnrin tó wa ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n padà tẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti kọ ọ́, àti pé àwọn ọmọ òun máa kà á lọ́la bí ọ́fíìsì ò tilẹ̀ fẹ́. Bàbá yí ojú sí fọ́tò ara ògiri.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó bá Bàbá nínú pálọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ. Fọ́tò ara ògiri ti wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri. "Mú mi dání," Bàbá wí.

Bàbá fi ọ̀pá kan ilẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé wọlé, àwọn ọmọ sì dìde kí i. Olùkọ́ na ọwọ́ sí àga iwájú. Bàbá mi orí. "Ìyẹn kì í ṣe tèmi," ó wí, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Olùkọ́ pín ojú ìwé tuntun. Wọ́n kà á pọ̀, wọn ò sáré kà á. Lẹ́yìn náà, Adákẹ́ gun àga, ó gbé bàtà lé itan. Ìyá àgbà rẹ̀ ti kọ̀ láti wá. Ó ní òun ò ní ohunkóhun bá Baba Olómi sọ, kí wọ́n ṣáà má gbàgbé bàtà òun.

"Ta ni yín?" ọmọ kan bi í.

"Èmi ni Tín-ín-rín. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ inú páìpù omi ìlú yìí."

"Kí ló dé tí ẹ bọ́ bàtà?"

"Inú páìpù ń yọ̀."

"Ṣé ẹ sá lọ lóòótọ́?"

"Rárá," Adákẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mi ò sá lọ síbì kankan."

Ìgbà náà ni Bàbá nawọ́ sókè, bí àwọn ọmọ ṣe ń nawọ́. Olùkọ́ fẹ́ dá a dúró, kò lè ṣe é. Adákẹ́ wo olùkọ́, ó tún wo Bàbá, ó ní kó béèrè.

"Tín-ín-rín," Bàbá wí, bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Méjì tó o kàn yẹn. Kí lò ń sọ fún mi?"

Ọmọ náà wo ojú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà dé ìsàlẹ̀. Ó yí i sẹ́yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìwé ò sọ, Bàbá," ó wí.

Ọwọ́ Bàbá ṣì wà lókè.